Kíkan Inú Iṣan

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Keje

Dókítà kékeré tí wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn abúlé wa fún mi ní ìwé yìí lónìí. Ó fún mi ní gègé pẹ̀lú. Ó ní, "Mbah Ngatinah, ẹ jọ̀ọ́, àràárọ̀ ni kí ẹ máa kọ aago tí ẹ jí, àti ìgbà tí ìka yín tó lè di ìkúùkù. Bí ẹ bá ní nǹkan míì sọ, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Aago yẹn nìkan ni mo máa dà kọ, mi ò ní ka ìyókù." Lintang lorúkọ rẹ̀; bíi gbogbo ará ibí, Mbah, ìyá àgbà, ló ń pè mí. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti fi ń wọ́ni lára ní òkè yìí. Kò sí iṣan kan lára ọmọ ènìyàn tí n kò mọ ojúlé rẹ̀. Irú mi ni ọmọdé wá fún ní ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tó ní àwòrán ológbò lára èèpo, bí ẹni pé mo fẹ́ wọ kíláàsì kìíní.

Ó dáa. Mo jí nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Àsùbáà. Ìka mi kò di ìkúùkù títí oòrùn fi wọ ojú fèrèsé. Kí ó ka ìyẹn kó yó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Bákan náà. Òtútù burú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Wákàtí kan àti ààbọ̀ kí ìka tó ká. Ọwọ́ méjèèjì ni, ojú kan náà ni: ìdí ìka ìfábẹ̀lá, ìdí ìka àárín, àti ọrùn ọwọ́. Àwọn oríkèé tó wà lẹ́bàá èékánná kò ṣe nǹkan kan. Ta ló wọn ọ̀tún kó tó gbé e fún òsì? Mo bu omi àlùwàlá, mo sì sunkún díẹ̀. Omi náà tutù ni, kì í ṣe pé mo ń sunkún nítorí nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ata wẹẹrẹ ti di ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún rúpíà kílò kan. Kábéèjì kò níye lórí, wọ́n ń dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwọn àgbẹ̀ wa, ọdọọdún ni gbogbo wọn ń gbin nǹkan kan náà, ọdọọdún ni ẹnu sì ń yà wọ́n.

Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paryati àbúrò mi níbi tó ti ń din tempe, àkàrà sóyà tó ń tà. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ mi. Yu, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, ló ń pè mí.

Ó ní, "Yu, ẹ̀yin lẹ fà á. Ẹ máa ń wẹ̀ lẹ́yìn Mágàríbì. Mo ti sọ, mo ti sọ."

"Omi gbígbóná ni mo fi ń wẹ̀."

"Omi gbígbóná náà á tutù tó bá dénú egungun."

Obìnrin yìí àti èmi, bàbá kan náà, ìyá kan náà. N kò mọ ibi tí ọpọlọ rẹ̀ já bọ́ sí lọ́nà.

Kò pẹ́ tí ìyàwó ẹni tó ń ta wàrà sóyà náà dá sí i, Bu Jumiyem, tí kò sí ọ̀rọ̀ tó ń kọjá létí rẹ̀ láì fà á láṣọ. Ó ní asam urat ni. Ó ní kí n má jẹ tẹ̀tẹ̀ mọ́, kí n má jẹ ẹ̀dọ̀, kí n má jẹ ẹ̀pà, kí n má jẹ tempe. Paryati tó ń ta tempe wò ó bí ẹni fẹ́ da òróró sí i lára. Ní abúlé yìí, bí orúnkún bá dun ọmọ ọdún méje, asam urat ni. Bí ọkọ kò bá wálé, ẹ wá wò ó, asam urat ni.

Ṣùgbọ́n lórí eléyìí, a dìjọ gbà ni. Asam ni kíkan, urat ni iṣan. Iṣan ló kan. Ohun tó bá kan, fífún ni wọ́n ń fún un jáde, ìyẹn sì ni iṣẹ́ mi láti ọdún mẹ́tàdínlógójì yìí wá. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀ ni ìṣòro mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Pak Wiryo ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ ni, ọgbọ̀n ọdún ló fi ń fi pàṣán na ọmọ gbogbo abúlé. Ó jẹ ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ àti inú ẹran yó níbi ìdábẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ti wú, ó pọ́n, ó ń dán. Ó ní aṣọ ìbora lásán ń dùn ún. Ó ní kí n má tilẹ̀ mí sí i.

Mo fi ìka kan kàn án. Ó pe orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú. Mo fi ìgunpá tẹ iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ó sì ń sunkún bí àwọn ọmọ tó nà. N kò lè sọ pé inú mi kò dùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo bá Lintang jà. Èsì ẹ̀jẹ̀ tó fà lára mi ti dé láti ìlú.

Ó ní, "Mbah, asam urat yín dáa. Kò ga rárá."

"Ìwé yín ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìka mi sọ pé iṣan òun ti kan."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá rí i pé n kò rẹ́rìn-ín. "Mbah, urat tó wà nínú orúkọ yẹn kì í ṣe iṣan. Ọ̀dọ̀ òyìnbó ni wọ́n ti gbé e wá, ó kàn bá ọ̀rọ̀ tiwa mu lẹ́nu ni. Nǹkan bí iyọ̀ ni, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé. Tó bá pọ̀ jù, á dì bí ìgò fífọ́ wẹ́wẹ́, á lọ jókòó sínú oríkèé kan, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló sì fẹ́ràn jù. Ti Pak Wiryo nìyẹn."

"Pak Wiryo tí mo wọ́ tó ti ń dìde?"

"Ì bá dìde bí ẹ ò tiẹ̀ wọ́ ọ, Mbah. Ó máa ń rọlẹ̀ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, á tún padà wá."

Mo bi í nípa orúnkún Paryati tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò lépo. Ó ní ìyẹn ti gbó ni. Ó ní nǹkan rírọ̀ kan wà láàárín egungun méjì, ẹrù tí a fi ẹ̀yìn gbé sọ̀kalẹ̀ òkè láti kékeré ló jẹ ẹ́, ọjọ́ orí àti ara wíwúwo kún un. Ìyẹn máa ń dunni lẹ́yìn iṣẹ́, á sì rọlẹ̀ béèyàn bá jókòó. Mo ní ṣé Paryati wúwo ni. Ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́.

"Tiyín yàtọ̀," ó ní. "Tiyín ń le nígbà tẹ́ ẹ bá sinmi, òwúrọ̀ ló burú jù, ọwọ́ méjèèjì ni, ó ń wú, ó sì ń rẹ̀ yín lódindi. Ara yín ló ń bá ara yín jà, Mbah. Àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ yín ló ṣi ilé wọ̀."

"Kí ni mo fi ṣe wọ́n?"

"Ẹ ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. A ò mọ ohun tó ń dá a sílẹ̀ gan-an. Nígbà míì ó máa ń tọ ìdílé. Ṣé ẹnì kan ní in nílé yín?"

Mo ní rárá. Irọ́ ni. Ìyá mi kú pẹ̀lú ọwọ́ tó wọ́ bí ìta atalẹ̀. Paryati ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Àwọn ará abúlé ní ó ní láti jẹ́ pé ó fọwọ́ gba nǹkan olóǹkan.

Lintang ní oògùn kan wà tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ìka wọ́. Ó ní á tó oṣù méjì kó tó ṣiṣẹ́ lára. Mo ní kó fi í pamọ́ de àwọn tí kò ní nǹkan ṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìgunpá ni mo fi ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń dùn, ta ni yóò na ẹ̀yìn sí i? Ìyàwó oníṣòwò ànàmọ́ òyìnbó ní, "Mbah, ọwọ́ yín le lónìí o." Mo ní ara rẹ̀ ló le, ọ̀lẹ ló ń fa irú ẹ̀. Ó tọrọ àforíjì.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mas Slamin tó ń kiri oògùn gun alùpùpù rẹ̀ gòkè wá pẹ̀lú àgúnmu inú ọ̀rá. Àwòrán ọkùnrin tó gbé akọ màlúù sókè wà lára ọ̀rá náà. Irọ́ Slamin pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ. Lọ́dún tó kọjá, ó ta ọṣẹ tó ń fa irun hù, orí tirẹ̀ sì ń dán nínú oòrùn bó ṣe ń tà á.

Ó ní, "Mbah, atalẹ̀ àti ewé ni gbogbo ẹ̀. Ẹ mu ún lónìí, ẹ bú mi lọ́la."

Mo bú u lójú ẹsẹ̀ kó má baà dúró dọ̀la. Lẹ́yìn náà mo ra ọ̀rá mẹ́wàá. Láàárọ̀ yìí, ife bọ́ lọ́wọ́ mi, mo rí ọwọ́ ìyá mi nílẹ̀ níbi tí mo ti ń ṣa á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìka di ìkúùkù kí ìpè ìrun tó parí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Ènìyàn márùn-ún ni mo wọ́ lónìí, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo fi ṣe é. Mo di okùn, mo fún aṣọ, mo gún ata. Mo kọjá níwájú ilé ìwòsàn, mo na ọwọ́ méjèèjì sí Lintang lójú fèrèsé, mo sì ń pa á dé, mo ń ṣí i. Oṣù méjì tirẹ̀ dà? Ọ̀sán kan péré ni. Ọdún mélòó ni wọ́n fi kọ́ ọ ní yunifásítì, tí Slamin olórí dídán wá mọ̀ jù ú lọ?

Gbogbo ẹni tó bi mí ni mo sọ fún pé kí wọ́n ra ti Slamin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ìrì dì funfun lórí oko. Ànàmọ́ òyìnbó Pak Wiryo jó dúdú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dúró létí oko, ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun ti kìlọ̀ fún ara òun.

Ebi ń pa mí láti àárọ̀ dalẹ́. Àwo ìrẹsì mẹ́ta ni mo jẹ, mo tún kó ti Paryati mọ́ ọn. N kì í sùn dáadáa, ṣùgbọ́n kò rẹ̀ mí.

Paryati ní, "Yu, ojú yín ti rí roboto bí ojú ọmọ tuntun."

Mo ní ìlara kò dáa. Ó ní òun ò jowú, ọrùn ẹsẹ̀ mi ló ń wú. Mo fi yẹ̀rì bò ó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ

Paryati kúnlẹ̀ lórí ṣóńṣó oparun nínú oko kárọ́ọ̀tì. Ó wọ orúnkún rẹ̀ ọ̀tún. Ihò kékeré ni, kò ju ojú abẹ́rẹ́ ńlá lọ. Ó fi atalẹ̀ pupa lé e, ó sì padà sídìí kárọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo tó pa, ẹ ó rò pé wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta

Orúnkún Paryati ti wú, ó gbóná, kò lè nà án, kò sì lè ká a. Ìkan yẹn nìkan ni. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ ìbora méjì. Ó fẹ́ lọ rí Lintang.

Mo ní, "Kí lo fẹ́ bá ọmọ yẹn sọ? Oparun ló dí ọ̀nà, kíkan wá gbára jọ síbẹ̀. Na ẹsẹ̀ rẹ."

"Yu, ẹ rọra."

"Bí n kò bá fún un jáde, ibo ni yóò gbà?"

Mo fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́, mo fi gbogbo agbára tí Slamin tà fún mi tẹ̀ ẹ́. Ó fi eyín di aṣọ mú. Mo sọ fún un pé ó ti bí ọmọ mẹ́ta, kí ló ń sunkún fún. Lẹ́yìn náà mo po ọ̀rá àgúnmu méjì fún un. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ibà ti lọ, ó jókòó, ó jẹ ìrẹsì. Ó ní, "Ọwọ́ yín, Yu. Ọwọ́ yín."

Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ karùn-ún

Ìlú ni mo ti ń kọ èyí, lórí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù.

Láàárọ̀ àná, mo bá Paryati tó ń bá ìyá wa sọ̀rọ̀. Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Orúnkún rẹ̀ gbóná bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó kárọ́ọ̀tì ló gbé wa wá, ó sùn sórí àpò, mo gbé orí rẹ̀ lé itan.

Dókítà kan tó ti hu ewú fi abẹ́rẹ́ fa ohun tó wà nínú orúnkún náà. Mo rò pé omi ni yóò jẹ́. Ọyún ni. Ó kún abẹ́rẹ́, ó tún kún òmíràn.

Ó wo orúnkún náà, ó rí ojú àtàǹpàkò méjì níbi tó ti dúdú. Ó ní, "Ta ló tẹ ibí yìí?"

Paryati la ojú. Mo rò pé kò mọ ibi tó wà. Ó ní, "Mo ṣubú ni, Dókítà. Ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ ẹ́."

Dókítà yíjú sí mi níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀? Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje

Wọ́n là á, wọ́n fi omi fọ inú rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ kan sí i, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ì bá bàjẹ́. Dókítà eléwú bá gbogbo àwa tí a wà níta sọ̀rọ̀. Ó ní oríkèé kan ṣoṣo tó bá ṣàdédé wú, tó gbóná, tí ibà sì bá a rìn, kì í dúró di ọ̀la, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ènìyàn ń mi orí. Èmi náà mi orí. Mo ti rí àgàbàgebè nílé ayé, ṣùgbọ́n n kò rí èyí tó mọ orí í mì tó mi rí.

Lintang wá kí i. Ojú mi ló kọ́kọ́ wò. "Mbah, kí lẹ ń mu?"

Mo kó ọ̀rá tó kù fún un. Ó ní oògùn líle kan ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn, èyí tí dókítà pàápàá ń fi ìwọ̀n kékeré lò. Ó ń pa ìrora, ó ń pa ibà, ó sì ń dé àwọn ẹ̀ṣọ́ ara mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò pa ohun tó wà nínú orúnkún Paryati. Ó ní oògùn náà ló wú mi lójú. Ó ní n kò gbọdọ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, ó fún mi ní kóró oògùn láti máa fi sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun ti kọ ìwé mi sí dókítà oríkèé nínú ilé ìwòsàn yìí.

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fèsì ìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo gòkè lọ mú aṣọ. Mo pàdé Slamin lórí alùpùpù, mo pè é ní apààyàn.

Ó ní, "Mbah, èmi kọ́ ni mo polówó ọjà náà. Ẹ̀yin ni. Bí mo bá ti ní 'Mbah Ngatinah ń mu ún,' wọn kì í ná an mọ́."

Mo fi apárí sílẹ̀ lójú ọ̀nà, mo lọ mú aṣọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Ó jẹun. Ṣíbí mẹ́fà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Àjọ̀dún òmìnira. Wọ́n gbé àsíá kọ́ gbogbo ilé, àwọn àgbàlagbà wọ àpò, wọ́n ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Pak Wiryo ṣe adájọ́. Lọ́la, ilé mi ni gbogbo wọn yóò wá nítorí ẹ̀yìn wọn.

Wíwú ọrùn ẹsẹ̀ mi ti ń lọ sílẹ̀. Ìka ti padà sí wákàtí kan. Oògùn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ náà, mo ti lò ó lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ ogún

Paryati dé. Orúnkún náà kò ká ju ìdajì lọ. Dókítà ní ó lè sàn díẹ̀ sí i, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni yóò wà. Orí àga ló ti ń kírun báyìí, ó sì ń fi igi rìn. Ó sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i pé òun ṣubú nínú oko. Ó tilẹ̀ ti ń fi iyọ̀ sí i: òkúta báyìí, ẹrẹ̀ báyìí. Wọ́n ń wò mí tàánútàánú, ẹ̀gbọ́n rere tó sùn lórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ní, "Kí ló dé tó o fi purọ́?"

Ó ní, "Kí ni ẹ fẹ́ máa jẹ, Yu? Tempe mi ò lè bọ́ èèyàn méjì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo rí ojú yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ rí bí ìgbà tí Màámá kú."

"O mọ̀ pé èmi ni."

"Orúnkún mi náà kọ́ ni? Báwo ni mi ò ṣe ní mọ̀?"

Ó ní kí n gbé omi kaná, òtútù ń mú òun. Mo gbé e kaná. Gbogbo ayé mi ni mo fi ń rò pé obìnrin yìí gọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ènìyàn méje. "Ọlọ́wọ́ ìbùkún," wọ́n ní. Mo ń wò wọ́n lójú, mo sì ń wọ́ wọn. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, tó fi ata sẹ́nu, òun ni wọ́n ń kí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

A ka Yásínì tán nílé Bu Jumiyem lọ́sàn-án òní. Bí wọ́n ṣe ń pín tíì, ó fà mí lápá.

Ó ní, "Mbah, ẹ bá mi wọ yàrá kẹ́ ẹ tó lọ. Bàbá wọn, ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ wú láti àná. Ó gbóná gan-an, ó sì ń gbọ̀n. Asam urat náà ni. Mo ní kó dúró de ọwọ́ yín."

Mo ní kó gbé e lọ sílé ìwòsàn nísinsìnyí.

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ fún kíkan yẹn jáde fún un, ó tán."

"Kò sí nǹkan kan tó kan nínú iṣan. Kò sí i rí."

"Mbah, ṣé inú ń bí yín sí mi ni?"

Gbogbo wọn ti gbé ife tíì sílẹ̀ láti gbọ́. Paryati wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń mi orí sí mi díẹ̀díẹ̀ pé kí n má ṣe é.

Mo ní, "Paryati kò ṣubú. Bí ti bàbá wọn yìí gẹ́lẹ́ ni orúnkún rẹ̀ ṣe rí. Ó fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Dókítà, mo dá a dúró, mo tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ mí kí n rọra. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo gbà pé ó ṣubú. Ọwọ́ tí ẹ ń dúró dè nìyí. Ọwọ́ náà tún ń ṣàìsàn, láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń fi ìgunpá tàn yín jẹ."

Ìyàwó oníṣòwò ànàmọ́ wo èjìká rẹ̀. Bu Jumiyem sáré lọ wá ọlọ́kọ̀.

Paryati ń lọ níwájú mi títí a fi délé. Ó ń fi igi rẹ̀ lu ilẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Kò sẹ́ni tó wá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Kò sẹ́ni tó wá. Ọkọ Bu Jumiyem wà ní wọ́ọ̀dù nílùú, wọ́n ní ibà rẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Ẹni tó ń ta gáàsì ló sọ fún mi. Àwọn tó máa ń kọjá níwájú ilé mi, wọ́n ti mọ ọ̀nà ẹ̀yìn mọ́sálásí.

Mo kọ́kọ́ pẹ̀gàn wọn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò gbádùn mọ́ mi. Ẹni tí mo fẹ́ pẹ̀gàn ń gbé inú aṣọ mi.

Ìka: ogójì ìṣẹ́jú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Mo ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé nígbà tí mo gbọ́ igi Paryati. Láti ọjọ́ Ẹtì, kò tíì wọ ẹnu ọ̀nà mi. Ó wọlé, kò kí mi. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní níbi tí àwọn oníbàárà máa ń dùbúlẹ̀ sí, ó fi ìrọ̀rí sábẹ́ orí ara rẹ̀.

Mo ní, "Kí lo fẹ́?"

"Kí làwọn èèyàn ń wá ṣe níbí tẹ́lẹ̀?"

"N kò ṣe é mọ́."

"Ó rẹ̀ mí, Yu. Ẹsẹ̀ kan ló ń gbé mi kiri láti ọjọ́ yìí. Gbogbo ilé tó wà lójú ọ̀nà ló ṣílẹ̀kùn tí wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kí n padà lásán."

Mo lọ fọ ọwọ́. Mo gbé òróró kaná. Nígbà tí mo padà, mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, níbi àpá náà. Ó fi igi dá ọwọ́ mi dúró. Ó yí ara rẹ̀ padà pẹ̀lú ìnira, ó sì na ẹsẹ̀ òsì sí mi.

Ó ní, "Eléyìí. Èkejì kì í ṣe tiyín mọ́."

Mo ní mo gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ń dùn ún.